Ẹ má sọ "yo gusto" mọ́: ibi tí gustar ti ń dójú tini

Ọmọ Yorùbá tó bá ń kọ́ èdè Sípáníìṣì sábà máa ń gbé gustar gba ọ̀nà Gẹ̀ẹ́sì, ibẹ̀ ló sì ti ń ṣìnà. Ó gbọ́ pé "fẹ́ràn" ni, ó mọ̀ pé yo ni "èmi", ló bá so wọ́n pọ̀: "Yo gusto arroz." Kò rí bẹ́ẹ̀ o. Kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ sì ti wà lẹ́nu wa láti ilé: "ó wù mí". Nínú "ìrẹsì wù mí", ìrẹsì ni olùwà, èmi ni ó ń wù. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni Me gusta el arroz. Ẹ má sì fo el yẹn.

Ibi tí Yorùbá ò ti lè gbà wá ni ẹyọ àti ọ̀pọ̀. "Wù" kì í yí padà, ìbáà jẹ́ ọ̀gẹ̀dẹ̀ kan tàbí ọgọ́rùn-ún. Gustar ń yí: me gusta el plátano, me gustan los plátanos. Ohun tó ń wuni ló ń yí i, kì í ṣe iye èèyàn tó ń wù; bí a tilẹ̀ pé ogún, nos gusta el plátano ni. Tó bá jẹ́ ìṣe, gusta náà ni: me gusta cantar y bailar, orin kíkọ àti ijó jíjó wù mí.

Lẹ́tà tó kẹ́yìn gustan, n yẹn, ti kó mi sí wàhálà rí. Mo fẹ́ yin àwọn búrẹ́dì tí obìnrin kan ṣẹ̀ṣẹ̀ kó jáde nínú ààrò, kí n ní me gustan. Ẹnu mi yọ̀, mo ní me gustas. "O wù mí" ni mo sọ fún ìyàwó oníyàwó, lójú ọkọ rẹ̀! Obìnrin náà bú sẹ́rìn-ín. Ọkọ kàn ń wò mí. Ọ̀rọ̀ ìfẹ́ ni lẹ́nu tiwọn náà. Tó bá jẹ́ ìwà ẹnìkan ló tẹ́ yín lọ́rùn, me cae bien ni kí ẹ sọ.

Bí ẹ bá dárúkọ ẹni, ẹ fi a ṣáájú: A Ana le gusta el café, kì í ṣe "Ana le gusta". Nítorí náà, bí ẹnìkan bá ní me gusta, tí tiyín náà rí bẹ́ẹ̀, a mí también ("èmi náà") ni ìdáhùn, kì í ṣe yo también. Bí ẹ bá sì fẹ́ sọ pé ó wù yín gan-an, muy ò bá a rìn, mucho ni.

Ọ̀wọ̀ ńkọ́? Ẹgbẹ́ ẹni la ń bi pé ¿te gusta?; fún àgbà, ¿le gusta? ni. Ṣùgbọ́n le yìí kan náà la lò fún Ana, nítorí náà, bó bá fẹ́ rújú, ẹ fi a usted (usted ni "ẹ̀yin" ti ọ̀wọ̀) kún un: ¿A usted le gusta?