Oṣù Méjì Àkọ́kọ́ Lẹ́yìn Tí Wọ́n Bá Rí Jẹjẹrẹ Inú Ẹ̀jẹ̀

Bí dókítà bá ti dárúkọ jẹjẹrẹ inú ẹ̀jẹ̀, owó ìtọ́jú ni ẹbí máa ń kọ́kọ́ sá kiri fún. Ó yẹ bẹ́ẹ̀. Àmọ́ láàárín 30 sí 60 ọjọ́ àkọ́kọ́, kòkòrò àrùn àti ẹ̀jẹ̀ dídà ló sábà ń tètè pa aláìsàn, pàápàá bó bá jẹ́ irú tó ń yára. Sẹ́ẹ̀lì funfun tó ń bá kòkòrò jà ò lágbára mọ́, platelet tó ń mú ẹ̀jẹ̀ dì ti lọ sílẹ̀.

Ẹ ra tẹmómítà lónìí. Abẹ́ ahọ́n tàbí abíyá ni kí ẹ fi sí, ẹ má fi sí ihò ìdí, ó lè ya ibẹ̀. Ẹ wọ̀n ọ́n láàárọ̀, lálẹ́, àti ìgbàkígbà tí òtútù bá ń mú un. Kí parasítámọ̀ tó wọ ẹnu ni kí ẹ wọ̀n ọ́n o: oògùn yẹn á rẹ ìgbóná sílẹ̀, kòkòrò á sì máa jẹ ara lọ lábẹ́lẹ̀.

Tó bá ti di 38 ní ìwọ̀n Celsius (°C), ẹ má pè é ní ibà, ẹ má sì ní kí ilẹ̀ mọ́ ná. Oògùn apakòkòrò tó ń gba inú iṣan gbọ́dọ̀ wọ ara rẹ̀ láàárín 60 ìṣẹ́jú tó bá dé ilé ìwòsàn. Ẹ má tò síbi káàdì, ẹ sọ ọ́ jáde lẹ́nu ọ̀nà pàjáwìrì pé: “Jẹjẹrẹ inú ẹ̀jẹ̀ ni, ara rẹ̀ ti gbóná dé 38.” Ẹni tó ń gbé Ọ̀fà tàbí Òmù-Àrán, kó ti bá awakọ̀ kan ṣàdéhùn sílẹ̀, nítorí UITH, ilé ìwòsàn ńlá Yunifásítì Ìlọrin tó wà ní títì Jẹ́bà àtijọ́, ò sí nítòsí. Bí mọ̀lẹ́bí bá wà ní Ìlọrin, ọ̀dọ̀ wọn ni kí aláìsàn máa gbé ná.

Alábùkún ní aspirin nínú; òun, ibuprofen àti diclofenac ń jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dà, wọ́n sì ń ba kíndìnrín jẹ́. Abẹ́rẹ́ ìdí ní kẹ́míìsì náà ò dáa. Erìgì tó ń ṣẹ̀jẹ̀, ìgbẹ́ dúdú bí ọ̀dà, orí fífọ́ òjijì: ilé ìwòsàn ni. Platelet kì í ju bí ọjọ́ 5 lọ ní ìpamọ́, nítorí náà ẹ ti kó àwọn tó máa fún un lẹ́jẹ̀ jọ.

Ní ti oúnjẹ, wàrà tó ń léfòó nínú omi rẹ̀ lórí igbá, ẹ dín in kó gbóná dé àárín. Nùnú, ìyẹn wàrà kíkan mímu tí wọn ò sè, ẹ fi sílẹ̀. Àgbo náà, ẹ fi sílẹ̀, bí ẹnikẹ́ni bá tilẹ̀ bínú.