Bí gbọ̀ngàn ṣọ́ọ̀ṣì wa ṣe gbẹ
Tẹ́lẹ̀, láti ọjọ́ Ajé di Sátidé la máa ń ti gbọ̀ngàn ṣọ́ọ̀ṣì wa nítòsí Ìtòkú, l'Ábẹ́òkúta, pa. Bí ẹ bá ṣílẹ̀kùn, òórùn ọ̀rinrin á gba imú yín kan; ìwé orin tiẹ̀ ti bu. Ẹ̀ẹ̀mejì la kun ògiri, owó ṣòfò. Ìgbà tí mo gun àkàbà ni mo rí i: ewé ti dí gọ́tà òrùlé, omi ń ṣàn sára ògiri.

Mo kó ewé kúrò, mo so gọ́tà mọ́ táńkì. Òjò mìlímítà 1 lórí òrùlé tó fẹ̀ ní mítà 1 níbùú lóòró, lítà omi 1 ni, ẹ wá wo bí òrùlé wa ṣe tóbi tó! Àwọn ìyá aládìrẹ ló ń pọn omi táńkì náà báyìí. Ọ̀sán, wọ́n á ṣí fèrèsé, wọ́n á jókòó sínú gbọ̀ngàn, wọ́n á máa fi iko di aṣọ. Ògiri ti gbẹ.