Bí Ẹ Ṣe Máa Múra fún Ìrìn Ọlọ́jọ́ Mẹ́rin Lórí Kẹ̀kẹ́ Láti Òṣogbo, Tí Ẹ Ò Bá Tíì Gun Ọ̀nà Jíjìn Rí

Ẹ má jẹ́ ká tan ara wa, ọjọ́ àkọ́kọ́ kọ́ ni ìṣòro. Ẹni tó bá ti lè gun kẹ̀kẹ́ ológeere láti Ọláìyá l'Óṣogbo dé Ẹdẹ kó sì gùn ún padà, tó bá forí tì í, á dé Ògbómọ̀ṣọ́ lọ́jọ́ kan, ara lè máa ro ó o, àmọ́ á dé. Àárọ̀ ọjọ́ kejì ni wàhálà, nígbà tí itan ti le gbagidi, tí ìdí ò fẹ́ fojú kan ìjókòó kẹ̀kẹ́ mọ́, ẹ sì tún gbọ́dọ̀ gùn ún. Torí ẹ̀ lẹ ṣe ń múra, kì í ṣe torí àtisáré.

Ọ̀nà tí mo máa ń sọ fún àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ nìyí: ẹ gba Ìlobùú lọ sí Ògbómọ̀ṣọ́, ẹ sùn síbẹ̀, ọjọ́ kejì Ọ̀yọ́, ọjọ́ kẹta Ìwó, ọjọ́ kẹrin ẹ wọlé. Ojúmọ́ kọ̀ọ̀kan á wà láàárín nǹkan bíi kìlómítà 45 sí 60, ìlú ńlá sì ni gbogbo ibi tí ẹ máa sùn, ẹ máa rí hòtẹ́ẹ̀lì, ẹ máa rí oúnjẹ gidi jẹ. Kí ẹ tó lọ ṣá, ẹ dé gáréèjì, ẹ bi àwọn dẹ́rẹ́bà bí ọ̀nà ṣe rí lọ́sẹ̀ yẹn, ibi tó bàjẹ́ àti ibi tí ò fararọ, wọ́n mọ̀ ọ́n ju máàpù orí fóònù lọ. Kò sì sí ìrìn alẹ́ o. Tí ẹ bá bẹ̀rẹ̀ ìmúra nígbà ọdún Ọ̀ṣun lóṣù kẹjọ, oṣù kọkànlá lẹ máa gbéra, òjò á ti ń lọ, eruku ọyẹ́ ò sì tíì dé tán.

Kẹ̀kẹ́ tọ́kùnbọ̀ tó ní jíà, tí bíréèkì ẹ̀ ń mú dáadáa, ti tó, ẹ má lọ yáwó ra tuntun. Ìjókòó ni kí ẹ kọ́kọ́ tún ṣe. Ẹ fi ọwọ́ kan di ògiri mú, ẹ gun kẹ̀kẹ́ náà, ẹ wá fi gìgísẹ̀ lé pẹ́dàlì tó wà nísàlẹ̀ pátápátá. Ẹsẹ̀ yẹn gbọ́dọ̀ nà tán láìjẹ́ pé ìdí yín yẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan. Tí ẹ bá wá fi iwájú àtẹ́lẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́, bí a ṣe ń tẹ̀ ẹ́ gan-an, orúnkún á ká díẹ̀, ibẹ̀ ló dáa. Tó bá di pé iwájú orúnkún ń dùn yín lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan, lọ́pọ̀ ìgbà ìjókòó ti lọ sílẹ̀ jù nìyẹn, tó bá jẹ́ ẹ̀yìn orúnkún, ó ti ga jù. Díẹ̀díẹ̀ ni kí ẹ máa sún un, ìbú ìka kan lẹ́ẹ̀kan náà ti pọ̀ jù.

Ẹ fún ara yín ní oṣù mẹ́ta. Láàárín ọ̀sẹ̀, ẹ̀ẹ̀mejì péré, ìṣẹ́jú 45 sí wákàtí kan, ní ìdájí kí ọlọ́kadà àti ọlọ́kọ̀ tó gba Òkè-Fíà kan. Ẹ gùn ún débi tí ẹ ṣì lè máa bá ẹnìkejì tàkúrọ̀sọ, tí ọ̀rọ̀ bá ti ń já mọ́ yín lẹ́nu ẹ ti ń sáré jù nìyẹn, ẹ dẹwọ́. Àwọn kan ò fẹ́ gbọ́ èyí, wọ́n fẹ́ kí aráàlú rí i pé àwọn ń fò, ẹ jẹ́ kí wọ́n máa fò jàre.

Sátidé ni ìrìn gígùn. Oṣù kìíní, Ẹdẹ lọ bọ̀, bíi kìlómítà 30. Oṣù kejì, ẹ máa fi bíi kìlómítà márùn-ún sí méje kún un lọ́sẹ̀ títí ẹ ó fi lè lọ Ìkìrun kí ẹ padà, ìyẹn sún mọ́ 50. Oṣù kẹta, Iléṣà, lọ bọ̀ ẹ̀ lé ní 60, àwọn òkè ọ̀nà Iléṣà á sì kọ́ yín lóhun tí Ẹdẹ ò lè kọ́ yín. Tó bá ti di ọ̀sẹ̀ kẹrin-kẹrin, ẹ dín in kù kí ara sinmi.

Ibi tí iṣẹ́ wà nìyí o: láti àárín oṣù kejì, Sátidé nìkan ò tó mọ́, ẹ gbọ́dọ̀ tún gùn ún lọ́jọ́ Sọ́ńdè. Ẹni tó ń lọ ṣọ́ọ̀ṣì lè fi ìrọ̀lẹ́ ṣe é, ẹni tí Jímọ̀ àti Sátidé rọ̀ lọ́rùn náà lè ṣe é bẹ́ẹ̀, ọjọ́ méjèèjì ṣáà gbọ́dọ̀ tẹ̀ lé ra wọn. Kò ní gùn, wákàtí kan ààbọ̀ sí méjì. Fún bí ogún ìṣẹ́jú àkọ́kọ́ ẹsẹ̀ á kọ̀, ẹ máa rò pé ẹ ti ṣàìsàn, ẹ kàn lo jíà tó fúyẹ́ kí ẹ má tẹ̀ ẹ́ gidi, tó bá yá ara á gbóná ẹsẹ̀ á sì rọ̀. (Ìrora tó bá ń gún yín lójú ibì kan, tó ń le sí i bí ẹ ṣe ń gùn ún, ìyẹn yàtọ̀, ẹ sọ̀ kalẹ̀.)

Lórí òkè, ẹ yí jíà sílẹ̀ kí òkè tó bẹ̀rẹ̀, ẹ má dúró dìgbà tí ṣéènì bá ń ké. Ẹ ka iye ìgbà tí ẹsẹ̀ ọ̀tún lọ sílẹ̀ láàárín ààbọ̀ ìṣẹ́jú, lójú títẹ́jú tó bá wà ní nǹkan bí 40 ó dáa, tó bá jẹ́ 25 jíà yín ti wúwo jù, orúnkún ló máa san gbèsè ẹ̀.

Oúnjẹ, ẹ jẹ ẹ́ kí ebi tó pa yín. Láàárọ̀ ẹ̀kọ àti mọ́ínmọ́ín, lójú ọ̀nà ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́ kan tàbí méjì ní wákàtí kọ̀ọ̀kan, tàbí búrẹ́dì. Dòdò Ìkirè dùn, èmi fúnra mi fẹ́ràn ẹ̀, àmọ́ ata àti epo ẹ̀ nínú oòrùn, ẹ fi í sílẹ̀ di ìrọ̀lẹ́. Omi, píọ̀ wọ́tà kan sí kan ààbọ̀ ní wákàtí kan tí oòrùn bá mú. Tí òógùn bá pọ̀ ẹ po ṣíbí ìmutíì ṣúgà 6 àti ààbọ̀ ṣíbí iyọ̀ mọ́ lítà omi kan, ìyẹn píọ̀ wọ́tà méjì, ṣíbí tó tẹ́jú o, kì í ṣe olókìtì.

Ṣòkòtò kẹ̀kẹ́ tó ní tìmùtìmù nídìí, ẹ má wọ pátá sábẹ́ ẹ̀, ojú rírán pátá ló ń dá egbò síni lára. Ẹ fi Vaseline pa ibi tó ń ha, ẹ sì fọ ṣòkòtò náà lálaalẹ́.

Vọ́kanáísà wà káàkiri, àmọ́ ọ̀pọ̀ kẹ̀kẹ́ tọ́kùnbọ̀ olójú táyà tẹ́ẹ́rẹ́ ni ibi tí wọ́n ń gbà fẹ́ ẹ tín-ín-rín, ẹnu ẹ̀rọ wọn ò ní wọ̀ ọ́. Èyí tó bá sì wọ̀ ọ́, atẹ́gùn ẹ̀rọ yẹn lè bẹ́ tíúbù kékeré kí ẹ tó ṣẹ́jú. Ẹ gbé pọ́ńpù ọlọ́wọ́ tiyín, tíúbù méjì, rọ́bà tí a fi ń lẹ tíúbù àti gọ́ọ̀mù ẹ̀, kí ẹ sì ti tú táyà kí ẹ dè é padà nílé títí ọwọ́ á fi mọ̀ ọ́n.

Ẹrù, ẹ̀yìn kẹ̀kẹ́ ni kí ẹ dì í mọ́, kì í ṣe ẹ̀yìn yín. Ó kéré tán lẹ́ẹ̀mejì nínú oṣù kẹta, ẹ gbé gbogbo ẹ̀ lọ Ìkìrun, torí kẹ̀kẹ́ tó ru ẹrù kì í tètè dúró tí ẹ bá fún bíréèkì lórí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́.

Ọ̀sẹ̀ tó gbẹ̀yìn, ẹ dín gígùn kù sí ìdajì, ẹ fi òróró sí ṣéènì, ẹ má gbìyànjú bàtà tuntun tàbí oúnjẹ tuntun kankan. Ẹ kọ orúkọ ibi tí ẹ máa sùn lálẹ́ kọ̀ọ̀kan fún ẹnì kan nílé, kí ẹ sì máa pè é tí ẹ bá ti débẹ̀.