Ìtọ́jú Ẹ̀tù Ìbọn Ọdẹ

Ọdẹ tó ń ti Iléṣà wọ igbó lásìkò òjò ní láti mọ̀ pé ọ̀rinrin ni ọ̀tá ẹ̀tù dúdú, nítorí ẹ̀tù tó bá ti rin kì í jó dọ́gba. Inú agolo tó dé pinpin ni kí ẹ tọ́jú rẹ̀ sí, kó jìnnà sí iná àti ọmọdé.

Òṣùwọ̀n idẹ kan ṣoṣo ni kí ẹ máa fi wọn ẹ̀tù, kì í ṣe àtẹ́lẹwọ́. Ohun tó ń bà mí lẹ́rù jù ni kí ènìyàn fi ẹ̀tù tí kì í rú èéfín rọ́pò ẹ̀tù dúdú nínú ṣakabùlà, ìbọn ìbílẹ̀ tí a ń ti ẹnu rẹ̀ ki ẹ̀tù: agbára rẹ̀ lè fọ́ ìbọn náà mọ́ ọdẹ lójú.

Bí ìbọn bá kọ̀ tí kò dún, ẹ má ṣe yọjú wo ẹnu rẹ̀. Ẹ kọ ẹnu rẹ̀ síbi tí kò sí ènìyàn, kí ẹ sì dúró fún ìṣẹ́jú 1, ó kéré tán.