Bí A Ṣe Ń Kọ́ Ọmọ Láti Jó Lẹ́ẹ̀dì

Jíjó lẹ́ẹ̀dì ni ká fi irin gbígbóná yọ́ okùn irin rírọ̀ kan, kó lè lẹ ẹsẹ̀ àwọn ẹ̀yà ẹ̀rọ iná mọ́ bọ́ọ̀dù, ìyẹn pátákó pẹlẹbẹ tí a ń tò wọ́n sí. Ẹ má kọ́kọ́ gbé irin ìjólẹ́ẹ̀dì àgbà lé ọmọ lọ́wọ́. Irin ńlá tí ooru rẹ̀ kò ṣe é dín kù, ẹnu rẹ̀ máa ń jìnnà sí ibi tí ọwọ́ ti dì í mú. Ọwọ́ ọmọ á máa gbọ̀n, bọ́ọ̀dù á jó, ọmọ á wá sọ pé òun ò mọ̀ ọ́n ṣe. Irin ni kò bá a mu. Ẹ wá èyí tó fúyẹ́, tó ṣe é dì mú bíi pẹ́ńsù, tí ooru rẹ̀ ṣe é yí, tó sì ní ìjókòó tó wúwo tí a ń gbé e lé.

Okùn irin tí à ń yọ́ yìí, lẹ́ẹ̀dì là ń pè é lẹ́nu iṣẹ́, àmọ́ ẹ má ra èyí tí òjé wà nínú rẹ̀ fún ọmọdé. Òjé ń ba ọpọlọ ọmọ jẹ́. Èyí tí wọ́n kọ “lead-free” (kò ní òjé) sí lára, tánńganran ló pọ̀ jù nínú rẹ̀. Ó máa ń yọ́ ní nǹkan bíi 217 sí 227°C; olójé ń yọ́ ní nǹkan bíi 183 sí 190. Ìyẹn ló jẹ́ kó le díẹ̀ láti lò. Ẹ gbé ooru irin sí nǹkan bíi 350°C.

Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, kò sí irin rárá. Bátìrì 9V, iná LED pupa kékeré kan, rẹ̀sísítọ̀ 470 ohm (ohun tó ń dín agbára iná kù kí LED má bàa jó), àti breadboard, pátákó oníhò tí a kàn ń ki ẹsẹ̀ wọn bọ̀. Ẹsẹ̀ LED tó gùn ló ń lọ sí apá àmì +. Tí ọmọ bá fi í sódì, kò ní tàn. Ẹ má sọ fún un, ẹ jẹ́ kó wá a rí fúnra rẹ̀.

Tó bá wá kan irin: kó fi ẹnu irin kan ẹsẹ̀ rẹ̀sísítọ̀ àti òrùka bàbà tó yí ihò ká lẹ́ẹ̀kan náà. Kó ka ení, èjì, ẹ̀ta. Kó wá fi lẹ́ẹ̀dì kan ibi tí méjèèjì ti pàdé, kì í ṣe ẹnu irin. Tó bá gbóná tó, lẹ́ẹ̀dì á ṣàn wọlé bí òróró. Lẹ́ẹ̀dì ni kó kọ́kọ́ gbé kúrò, kó tó gbé irin. Kò gbọ́dọ̀ mi bọ́ọ̀dù títí á fi dì. Èyí tó mú dáadáa máa ń rí bí òkè kékeré tó ṣe ṣóńṣó lórí. Èyí tó rí roboto bí ìlẹ̀kẹ̀ kò mú. Kó tún un gbóná. Ẹ má fi dídán wò ó, aláìlójé kì í sábàá dán.

Èéfín tó ń rú, oje igi inú lẹ́ẹ̀dì ló ń jó. Ẹ ṣí fèrèsé, pàápàá tí ọmọ bá ní ikọ́ fée. Kó wọ awò ojú, nítorí ẹsẹ̀ rẹ̀sísítọ̀ tí a bá gé máa ń ta.

Irin tó bá ń já bọ́, kí ọmọ má hán an. Irin tútù ni mo fi ń kọ́ wọn: màá tì í ṣubú lórí tábìlì, wọn á fọwọ́ sẹ́yìn, a óò tún un ṣe títí á fi mọ́ wọn lára. Tó bá jó ọmọ, omi tútù tó ń ṣàn fún 20 ìṣẹ́jú. Ẹ má fi ọṣẹ ìfọyín pa á. Kó fọwọ́ kó tó jẹun. Àgbà ló ń yọ irin lára iná, kò sì gbọdọ̀ kúrò nídìí rẹ̀ títí á fi tutù.