Bí A Ṣe Ń Fi Òwú Ya Ọ̀nà Tí Apophis Ń Gbà Yí Oòrùn Po

Alẹ́ ọjọ́ Jímọ̀, 13 oṣù kẹrin ọdún 2029, ni àpáta òfúrufú tí wọ́n ń pè ní Apophis máa gba ẹ̀gbẹ́ ayé kọjá, ní nǹkan bí 32,000 kìlómítà sókè. Àwọn sátẹ́láìtì tí díìṣì orí òrùlé wa ń kọjú sí jìnnà jù bẹ́ẹ̀ lọ. Bí ìkùukùu bá gbà, ojú lásán la máa fi rí i, ẹni tó bá sì wà lọ́nà oko Ìgbàjà tàbí Òmù-Àrán máa rí i dáadáa ju ará àárín Ìlọrin lọ, torí iná ìlú. Kó tó dé, ó wù mí kí gbogbo ilé tó ní ọmọ ilé-ìwé ya ọ̀nà rẹ̀.

Páálí tó tó sẹ̀ǹtímítà 30 níbùú lóròó ni kẹ́ ẹ wá, pẹ̀lú píìnì méjì, rúlà, kọ́ńpáàsì, pẹ́ńsù àti òwú. Òwú àwọn tó ń hun aṣọ òfì dára. Ẹ má lo rọ́bà, ó máa ń fà.

Ẹ gún píìnì kan sí àárín páálí: oòrùn nìyẹn. Ẹ fi kọ́ńpáàsì tí ẹ là ní sẹ̀ǹtímítà 10 ya roboto yí i ká: ọ̀nà ayé nìyẹn. Ẹ wá gún píìnì kejì sí sẹ̀ǹtímítà 3.5 sí ti àkọ́kọ́.

Ibi òwú ló gba sùúrù jù. Ẹ so orí rẹ̀ méjèèjì pọ̀ kó di òrùka, kó jẹ́ pé bí ẹ bá tẹ́ ẹ gbọọrọ, yóò jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 11 géérégé. Kókó máa ń jẹ lára òwú, nítorí náà ẹ̀yìn tí ẹ bá ta kókó tán ni kẹ́ ẹ wọ̀n ọ́n. Ẹ fi kọ́ píìnì méjèèjì, ẹ ki ẹnu pẹ́ńsù bọ inú rẹ̀, ẹ fà á le, kẹ́ ẹ máa yí i lọ láìdẹwọ́. Òwú máa fẹ́ gun píìnì lọ sókè. Kí ẹlòmíràn fi èékánná tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Ìlà tó jáde yẹn ni ọ̀nà Apophis. Láti ọ̀dọ̀ oòrùn, ibi tí ìlà náà ti súnmọ́ jù gbọ́dọ̀ jẹ́ 7.5, ibi tó jìnnà jù, 11. Bí kò bá rí bẹ́ẹ̀, kókó ti yọ̀.

Ẹ máa rí i pé ìlà méjèèjì gba orí ara wọn kọjá níbi méjì. Ibẹ̀ lẹ̀rù ti wá. Oṣù kẹfà 2004 ni wọ́n rí Apophis ní Arizona, ní Amẹ́ríkà; nígbà tó di oṣù kejìlá, ìṣirò ní ó lè kọlu ayé ní 2029, ní ìwọ̀n 2.7 nínú 100. Àwọn àwòrán àtijọ́ tí wọ́n tún hú jáde ló pa ìyẹn rẹ́. Ní 2021, lẹ́yìn tí wọ́n fi rédà wọ̀n ọ́n, NASA, àjọ òfúrufú Amẹ́ríkà, sọ pé kò ní kọlù wá fún 100 ọdún ó kéré tán. Ọ̀nà pàdé lóòótọ́, ṣùgbọ́n ọjọ́ 324 ni Apophis fi ń yípo, ayé ń lo 365, ọ̀nà rẹ̀ sì tún dagun díẹ̀ sí ti ayé, èyí tí páálí pẹrẹsẹ kò lè fi hàn. 32,000 kìlómítà yẹn pàápàá kò tó ìbú ìlà pẹ́ńsù yín.

Ó ku ìlà kan, torí agbára tí ayé fi ń fa nǹkan mọ́ra máa yí ọ̀nà Apophis padà lálẹ́ ọjọ́ náà. Ẹ mú bírò aláwọ̀ míì. Ẹ má yọ píìnì oòrùn. Ẹ gún ìkejì sí sẹ̀ǹtímítà 4.2 sí i, kí òrùka tuntun jẹ́ 13.1 bí ẹ bá tẹ́ ẹ. Ẹ máa sún píìnì kejì yí oòrùn ká títí ìlà tuntun á fi gba ọ̀kan nínú ibi méjì tí ìlà àkọ́kọ́ ti pàdé ọ̀nà ayé. Láti ìgbà náà lọ, nǹkan bí ọjọ́ 423 ni yóò máa fi yí oòrùn po.