Ẹ ka ara táyà kí ẹ tó wo eyín rẹ̀: bí mo ṣe ń yan A/T, táyà títì àti ilẹ̀ gbogbo, fún pikọ́ọ̀pù

Iṣẹ́ omi ni mò ń ṣe: à ń gbẹ́ kànga-ẹ̀rọ, à ń tún èyí tó bá bàjẹ́ ṣe. Páìpù àti jẹnẹrétọ̀ kì í kúrò lẹ́yìn pikọ́ọ̀pù mi. Màá gba títì títí ọ̀dà á fi tán, lẹ́yìn náà ni màá wá yà sí ọ̀nà tí àgbàrá ti wọ́ dànù. Àwọn tí a jọ ń ṣiṣẹ́ mọ̀ pé ọ̀rọ̀ táyà kì í sú mi, torí náà èmi ni wọ́n máa ń bi tí tiwọn bá ti pá. Èmi náà á sì kọ́kọ́ bi wọ́n: nínú kìlómítà 10 tí mọ́tò yín ń rìn, mélòó ló wà lórí ọ̀dà?

Ẹ má parọ́ fún ara yín níbẹ̀. Tó bá jẹ́ 9 ló wà lórí ọ̀dà, tí 1 tó kù sì jẹ́ ilẹ̀ líle olókùúta wẹ́wẹ́, H/T, táyà títì, ti tó yín. Tó bá jẹ́ inú pọ̀tọ̀pọ́tọ̀ lẹ ń sùn tí ẹ ń jí, M/T, táyà ẹrẹ̀, ni tiyín, kí ẹ sì gbà pé yóò máa pariwo lórí títì, kò sì ní tètè dúró tí ọ̀dà bá tutù. A/T wà fún àwa tí a wà láàárín. Kò lè di ọ̀dà mú tó H/T, kò lè ja ẹrẹ̀ tó M/T. Ẹni tó bá sọ fún yín pé ó ju méjèèjì lọ, ọjà ló ń tà.

Eyín gbàǹgbà-gbàǹgbà ló máa ń kọ́kọ́ wọ àwọn ọmọkùnrin lójú. “Ẹ̀gbọ́n, ẹ wo bó ṣe rí!” Èmi ń wò ó o, ṣùgbọ́n ìkọ̀wé tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ táyà ni mò ń kà.

Ẹ jẹ́ ká mú LT265/70R17 121/118S. LT ni táyà tí wọ́n ṣe fún ọkọ̀ akẹ́rù kékeré. 265 ni fífẹ̀ rẹ̀ ní mìlímítà. 70 túmọ̀ sí pé gíga ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ jẹ́ ìdá 70 nínú ìdá 100 fífẹ̀ yẹn. 17 ni rímù, ní íǹṣì. Ibi tí mo máa ń dúró sí jù ni 121: ó ń sọ pé táyà kan lè gbé 1,450 kílò. 118 wà fún mọ́tò tó ń lo táyà méjì-méjì lẹ́yìn, kò kan pikọ́ọ̀pù kékeré. S sì ni eré tí kò gbọ́dọ̀ kọjá, ìyẹn kìlómítà 180 láàárín wákàtí kan. Wàyí o, ẹ gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ 265/70R17 115T tí kò ní LT níwájú. Fífẹ̀ kan náà, gíga kan náà, rímù kan náà, ṣùgbọ́n 1,215 kílò ni 115 ń gbé. Ẹ̀yìn ni ẹrù ti ń tẹ pikọ́ọ̀pù jù, torí náà táyà ẹ̀yìn méjèèjì ni kí ẹ ṣírò: 2,430 kílò ní ìhín, 2,900 ní ọ̀hún. Ẹni tó ń kó páìpù irin mọ ohun tí ìyàtọ̀ yẹn jẹ́.

Àmọ́ LT kì í fi ọ̀fẹ́ gbé ẹrù. Ó fẹ́ atẹ́gùn ju táyà tí kì í ṣe LT lọ kó tó lè gbé ìwọ̀n kan náà. 1,450 kílò tí a sọ yẹn, 80 psi (psi ni ìwọ̀n agbára atẹ́gùn inú táyà) ló fi ń gbé e. Tí ìwé tó wà lára férémù ilẹ̀kùn awakọ̀ bá ní kí ẹ fi 35 psi sínú táyà tó bá mọ́tò wá, tí ẹ sì wá fi 35 kan náà sínú LT tuntun, ẹ ti dín agbára rẹ̀ kù láìmọ̀. Àwọn tó ṣe táyà ní àtẹ tó ń fi hàn pé báyìí ni psi ṣe ń lọ pẹ̀lú ẹrù; ẹ béèrè fún un.

Ẹ tún wo C, D tàbí E lára rẹ̀, lẹ́tà tó ń sọ bí táyà ṣe lè gbé ẹrù tó. Lọ́pọ̀ ìgbà, C máa ń gba tó 50 psi, D 65, E 80. E ni mo ń lò nítorí ẹrù mi. Tó bá jẹ́ pé ẹ kì í sábà kó ẹrù wúwo, E yóò kàn máa jù yín sókè sódò, yóò sì jẹ epo nítorí ìwúwo rẹ̀. C á tù yín lára.

Ní ti fífi táyà tó ga ju ti mọ́tò lọ, n kì í gbà á nímọ̀ràn. 265/70R17 ga tó mìlímítà 803, 285/70R17 sì tó 831. Ìdajì ìyàtọ̀ yẹn péré ni abẹ́ mọ́tò fi máa gbéra sí i: mìlímítà 14! Nítorí 14 yìí, táyà lè máa họ mọ́dígáàdì tí ẹ bá kọ́wọ́, ẹ́ńjìnnì á máa tiraka, aago eré yín á sì máa ní 100 nígbà tí ẹ ti wà ní 103 àti díẹ̀.

Ó wá ku eyín. Ẹ ti àtàǹpàkò bọ àlàfo tó wà ní èjìká táyà, níbi tí eyín ìta ti pàdé ẹ̀gbẹ́. Tí àlàfo yẹn bá là gbalasa jáde, ẹrẹ̀ á rí ibi fò lọ bí táyà ṣe ń yí. Tó bá jẹ́ pé ó dí pa níwájú, ẹrẹ̀ á kún un, ẹ̀yin náà á sì di onítáyà pípá níbi tí ẹ dúró sí. Lẹ́yìn náà, ẹ wo ìsàlẹ̀ àlàfo náà bóyá rọ́bà kéékèèké yọrí níbẹ̀. Àwọn wọ̀nyẹn ló ń ti òkúta dànù. Níbi tí wọn ò bá sí, òkúta tó há á máa gbẹ́lẹ̀ bọ̀ díẹ̀díẹ̀ títí yóò fi dé wáyà inú.

Ẹ tún wo ojú eyín fúnra rẹ̀. Àwọn ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ tí wọ́n fi abẹ là sí i ló ń di ọ̀dà tutù mú. Ẹ ya ọ̀kan lójú kí ẹ sì wo bó ṣe jìn tó. Èyí tí kò jìn á ti pa rẹ́ kí táyà tó jẹ dé ìdajì, ẹ̀ ń san owó A/T, ẹ ń yọ̀ lójú òjò. M+S, àmì ẹrẹ̀ àti yìnyín, tó wà lára rẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ sọ nǹkan kan, A/T tí kò ní i ṣọ̀wọ́n. Ẹni tó ń wakọ̀ níbi tí yìnyín ń bọ́ ní kó wá àmì òkè olórí mẹ́ta tí yìnyín wà nínú rẹ̀. Ìyẹn ni wọ́n dán wò nínú yìnyín lóòótọ́.

Ẹ̀gbẹ́ táyà ni kùkùté àti òkúta mímú máa ń gé. Fọkanáísà lè lẹ ojú eyín tó lu, ṣùgbọ́n kò sí lílẹ̀ gidi fún ẹ̀gbẹ́ tó ya. Ìdí nìyí tí mo fi ń wá èyí tí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ní ìpele aṣọ mẹ́ta dípò méjì, bó tilẹ̀ wúwo jù.

Bí a bá ń sunkún, a máa ń ríran: ẹ má jẹ́ kí bó ṣe ń dán mú yín gbàgbé ọjọ́ orí rẹ̀. Nọ́ńbà 4 tó gbẹ̀yìn nínú ìkọ̀wé tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú DOT lẹ́gbẹ̀ẹ́ táyà ló ń sọ ọ́. 1424 ni ọ̀sẹ̀ 14 ọdún 2024. Èyí tó bá ti ju ọdún méjì lọ kí n tó rà á, ọlọ́jà ló ni ín.

Ẹ ra mẹ́rẹ̀ẹ̀rin pọ̀, kí sípéà náà sì bá wọn dọ́gba, pàápàá tí mọ́tò yín bá ń fi ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin fà. Táyà tí gíga wọn kò bára mu á máa bá gíà jà.

Ẹ ra géèjì tó péye àti pọ́m̀pù kékeré mọ́ ọn. Nínú iyanrìn, mo máa ń jó atẹ́gùn kù sí 20 psi tàbí 18, kí táyà lè tẹ́ sórí ilẹ̀. Ẹ rọra wà á níbẹ̀, ẹ má ṣẹ́ kọ́nà lójijì, kí táyà má baà yọ lára rímù. Bí ẹ bá sì ti dé etí ọ̀dà, ẹ dúró kí ẹ fẹ́ ẹ padà. A kì í fi iná sórí òrùlé sùn: táyà tí atẹ́gùn rẹ̀ kéré, tí wọ́n ń bá sáré lórí títì, á gbóná títí yóò fi bẹ́.

Ní gbogbo 8,000 sí 10,000 kìlómítà, ẹ pààrọ̀ ti iwájú sí ẹ̀yìn. A/T tí wọn kò bá pààrọ̀ á jẹ gbágungbàgun, á sì bẹ̀rẹ̀ sí í hu.

Lọ́jọ́ tí ẹ bá fi wọ́n sí i, ẹ di ẹrù lé e, kí ẹ yí ọwọ́ ìtọ́kọ̀ dé òpin lápá ọ̀tún àti òsì, kí ẹ sì ṣe bẹ́ẹ̀ nígbà tí ẹ bá ń fà sẹ́yìn náà, nítorí ibẹ̀ ni họhọ máa ń fara pa mọ́ sí. Tí ẹ bá rìn tó kìlómítà 80 sí 100, ẹ sọ̀kalẹ̀, kí ẹ tún fún nọ́ọ̀tì gbogbo táyà le.